Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọ̀ tó ń tú: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdúró. Ẹ rántí pé mo fi ẹjọ́ sùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé ìwọ̀ tí mo fi ń pẹja ń tú kúrò lára okùn bí ẹja àrọ̀ bá ti gbé e ní adágún Àṣẹ́jírẹ́.

Okùn ò jẹ̀bi, ọwọ́ mi ni. Ojú ìwọ̀, ìyẹn ihò kékeré orí rẹ̀, nìkan ni mo máa ń so okùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n wé e mọ́ ọ̀pá ìwọ̀, ibi gígùn tó tọ́ lára rẹ̀. Mo ki okùn bọ ojú ìwọ̀ láti ìhà tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí, mo wé e lẹ́ẹ̀méje láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì, mo fi itọ́ rin ín kí n tó fà á le. Ẹ má fojú kéré itọ́ yẹn o; okùn ọ̀rá tí a bá fà ní gbígbẹ máa ń jó ara rẹ̀. Ní báyìí, bí okùn bá ti le, ìwọ̀ á yí, á kọ́ ẹja lẹ́nu.

Ní Sátidé, àrọ̀ 4 ni mo fi ekòló mú, ìwọ̀ kankan ò tú. (Ìkarùn-ún já okùn lára gbòǹgbò igi. Ìyẹn ẹjọ́ mìíràn.) Mo ti so ìwọ̀ 20 mọ́ okùn sílẹ̀, mo wé wọn mọ́ páálí. Ìyàwó mi ní òun ò gbọdọ̀ rí ìkankan lórí àga mọ́.

Ẹ ṣé gan-an. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé.