Iṣẹ́ gúrúùpù lórí Moodle: báwo lẹ ṣe ń fún wọn ní máàkì?

ÌyáOlùkọ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ kíláàsì ńlá kan lórí Moodle, ìkànnì tí a fi ń kọ́ni tí a sì ń gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo wá pín wọn sí ẹni márùn-ún márùn-ún, wọ́n á jọ fi iṣẹ́ kan ṣọwọ́, máàkì kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. “Mà, èmi nìkan ni mo ṣe é.” “Mà, lágbájá ò tiẹ̀ dá wa lóhùn lórí WhatsApp.” Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọbìnrin kan tó kọ iṣẹ́ yẹn látòkè délẹ̀, 60 tó gbà náà ni ẹni tó kàn forúkọ síwájú ìwé gbà. Tí mo bá sì ní kí oníkálukú ṣe tiẹ̀, ta ló fẹ́ máàkì gbogbo ẹ̀, èmi nìkan? Kí lẹ̀yin ń lò?

AyọTíṣà:
Mà, ẹ kú làálàá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú Google Docs, kí wọ́n sì fún yín láyè láti tún un kọ o, kì í ṣe láti wò ó lásán, torí ẹni tó lè tún un kọ nìkan ló ń rí version history, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tó kọ èwo àti ìgbà tó kọ ọ́. Gúrúùpù kan sọ fún mi pé ó ti pẹ́ táwọn ti ń bá a bọ̀, mo ṣí i, gbogbo ẹ̀ ló balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi ṣọwọ́ 😂

Ọmọ_200L:
Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n, history yẹn kì í sọ gbogbo òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi. Nínú gúrúùpù tiwa ẹni tó ní laptop ló ń tẹ̀ ẹ́, àwa tó kù ń fi voice note ránṣẹ́, ẹnì kan ló lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ nínú oòrùn tó sì kọ ọ́ sínú ìwé, tẹ́ ẹ bá wo Docs ẹ máa ní ọ̀lẹ ni gbogbo wa. Ká má tíì wá sọ ti dátà àti iná.

Ìjẹ̀búLeeds:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ àbúrò yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ara wọn ní máàkì. Yunifásítì Loughborough nílùú Gẹ̀ẹ́sì níbí ló ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WebPA fún irú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ Google Forms àti Excel náà lè ṣe é. Ká ní iṣẹ́ gúrúùpù kan gba 60: ẹ fi ìdajì ẹ̀, 30, sílẹ̀ fún gbogbo wọn, 30 tó kù lẹ máa fi nọ́ńbà oníkálukú, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ ṣírò látinú máàkì tí wọ́n fún ara wọn, sọ di púpọ̀. Ẹni tó ṣe ìwọ̀n tiẹ̀ máa ní 1, 60 ẹ̀ dúró. Ọmọbìnrin yẹn lè ní 1.4, ó di 72. Ẹni tó sá lè ní 0.5, ó di 45. Nínú Moodle, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máàkì wọn, ẹ fi “Apply grades and feedback to entire group” sí No, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàkì kan á lọ bá gbogbo wọn. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo Workshop tó wà nínú Moodle, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń máàkì níbẹ̀, kò sọ ẹni tó sá.

ÌyáOlùkọ́:
Ẹ ṣé gan-an. Tí wọ́n bá wá gbìmọ̀ pọ̀ ńkọ́, tí wọ́n fún ara wọn ní 5 yípo?

Ìjẹ̀búLeeds:
Asán ni, mà. Gbogbo ohun tí ẹnì kan fún wọn lápapọ̀ la fi ń pín ohun tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a wá ro ohun tí oníkálukú gbà pọ̀ láti rí nọ́ńbà ẹ̀, torí náà 5 yípo àti 2 yípo, ọ̀kan náà ni, gbogbo wọn á ní 1. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni kí mẹ́rin dojú kọ ẹnì kan. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí sísàlẹ̀ máàkì tó bá kéré, kẹ́ ẹ sì kà á fúnra yín.

Ọmọ_200L:
Ṣé wọ́n máa rí orúkọ ẹni tó fún wọn ní kékeré ṣá? Torí họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà la jọ ń gbé o.

Ìjẹ̀búLeeds:
Rárá, olùkọ́ nìkan ló ń rí i.