Ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì níbi tí ojú ọjọ́ ti tuni lára: báwo ni kí n ṣe yàn?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kẹ́mísírì òkun ni mo fẹ́ kà gboyè ọ̀mọ̀wé. Òtútù líle kì í bá mi lára mu, ooru tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lóru kò sì wù mí. San Diego àti Hawaii ní Amẹ́ríkà, Lisbon ní Portugal, àti Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spain, ló wà lọ́kàn mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Kí ló sì yẹ kí n ṣọ́ra fún?

Ìyá Bọ́lá: Àbúrò mi, ẹni tí yóò bójú tó iṣẹ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ wá. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni ẹ ó jọ wà. Ní Yúróòpù, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni, àmọ́ wọ́n sábà máa ń béèrè oyè másítà kí wọ́n tó gbani. Kò sí bí ojú ọjọ́ ṣe lè dára tó tí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í ka iṣẹ́ ẹni kò ní bà á jẹ́.

Kọ ímeèlì sí i ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti tó: iṣẹ́ rẹ̀ kan tí o kà àti ìbéèrè tó bí sí ọ lọ́kàn, irinṣẹ́ láàbù tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀, àti bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé: ṣé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń san owó ìgbọ́bùkátà ni, àbí méjìlá? Oṣù mẹ́ta tí kò sówó yẹn ló ń kó èèyàn sí gbèsè, àgàgà ní San Diego tí owó ilé ti wọ́n gógó.

Bí wọ́n bá gbà ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú. Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní fi dandan gba èsì lọ́wọ́ ẹni tí àwọn fi owó ẹ̀kọ́ lọ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Ìyá Bọ́lá ti sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọjọ́, torí ó kan ìlera, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù. Má wo ìpíndọ́gba ọdún o! Ìwọ̀n 18 lórí Celsius lè jẹ́ 14 nígbà òtútù àti 22 nígbà ooru. Ó sì lè jẹ́ 2 àti 34. Àkọsílẹ̀ ọdún 1991 sí 2020 ni kí o wá, kí o wò ó lóṣooṣù, kí o sì wo bí òru ṣe ń rí.

San Diego tuni lára nítorí omi tútù tó ń ṣàn wá láti àríwá lẹ́bàá etíkun. Omi yìí kan náà ló ń fa ìkùukùu tó ń bo oòrùn láàárọ̀ ní oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà. Bí o bá gba ilé sí apá ìlà-oòrùn torí pé ó dínwó, ooru ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti etí òkun.

Lisbon ló ń tan èèyàn jù. Ìta kì í tutù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná gidi. Ní oṣù Kìíní, ògiri á tutù rinrin, ebu dúdú á sì hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Kí o tó san owó ilé, béèrè ohun tí wọ́n fi ń mú un gbóná, kí o sì ní kí wọ́n ya fọ́tò igun yàrá àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ránṣẹ́.

Ọmọ Láàbù: Ẹ̀gbọ́n, ó ku Tenerife. Àdùkẹ́, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ni Tenerife yẹ jù. Fún ìmọ̀ òkun ní erékùṣù Canary, yunifásítì Las Palmas ní Gran Canaria ni kí o wò. Ibùdó ìwọ̀n kan wà lójú òkun lágbègbè náà, ESTOC, láti 1994. Ti Hawaii ni ALOHA, tí wọ́n ti ń gba omi òkun níbẹ̀ ní nǹkan bí oṣooṣù láti 1988. Irú àkọsílẹ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ lè di orí kan nínú ìwé ìwádìí rẹ.

Àmọ́ rántí pé inú láàbù ni wàá ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi níbẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n, yàrá tí wọ́n ń tọ́jú omi sí sì lè wà ní ìwọ̀n 4. Bí òtútù bá ń dí ọ lọ́nà èémí, béèrè iye wákàtí tí wọ́n ń lò nínú yàrá yẹn lọ́sẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n ń lò lórí ọkọ̀ òkun.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé kí n dárúkọ ojú ọjọ́ nínú lẹ́tà ìwọlé mi?

Ìyá Bọ́lá: Rárá, àbúrò mi. Omi tí wọ́n ń gbà ní ALOHA àti ohun tí o fẹ́ wọ̀n nínú rẹ̀ ni kí o kọ. Ti ojú ọjọ́, ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ méjì bá gbà ọ́, tí ọ̀jọ̀gbọ́n àti owó wọn sì dọ́gba, ni kí o mú un jáde.