Pòtétò ₦1,000: iye ò yí, òkìtì ló ń kéré

Ìyá Aládùndún, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kúulé o ẹ̀yin ará wa. Mò ń dín dùndún àti pòtétò tà lẹ́bàá ilé ìwé kan n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, pòtétò òyìnbó ni mò ń wí o, kì í ṣe ọ̀dùnkún. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023 ni mo ti ń kọ iye tí mò ń rà á sínú ìwé, torí owó ń wọlé mi ò sì rí èrè dì mú. Ìgbà kan wà, odindi oṣù mẹ́ta, ₦1,000 ni mò ń kọ fún òkìtì kan, ₦1,000, ₦1,000, ọkàn mi ti balẹ̀ pé ọjà dúró sójú kan, àmọ́ iye abọ́ tí mò ń rí tà fáwọn ọmọ ń dín kù, ó wá ń dà mí láàmú. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ sídìí igbá ẹni tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ l'Ókè-Ajé, mo ka òkìtì yẹn lẹ́yọ lẹ́yọ. 14 ni mo máa ń bó tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà 9 ni, mẹ́ta tó wà lókè tóbi dáadáa, àwọn tí wọ́n fi ṣe ìdí ò ju ẹyin àparò lọ. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo yá òṣùwọ̀n àbúrò mi tó ń ṣe kéèkì, gíráàmù 700 ni òkìtì yẹn gbé, kílò kan ti lé ní ₦1,400 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìwé mi ṣì ń pè é ní ₦1,000. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà?

Bàbá Tíṣà, Ìpẹ́rù
Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, àmọ́ ọ̀nà míì ló gbà wá. Lóṣù Kejì 2025, NBS, àjọ tó ń bá ìjọba ṣírò, kéde pé ìdá tí owó ọjà fi ń gòkè já wálẹ̀ láti 34.80% lóṣù Kejìlá sí 24.48% lóṣù Kìíní. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo bá yọ nínú owó ọbẹ̀ ìyàwó mi. Ó dákẹ́. Nígbà tó di Sátidé ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sọ́jà, kò sí nǹkan kan tó rọ̀ nínú ohun tá a rà. Inú ọkọ̀ ni mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń dùn mí dòní. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń fi iye ọjà wé sí 2024 ni, tí nọ́ńbà méjèèjì ò fi ṣeé fi wéra, mi ò sì mọ̀ pé kí ìdá yẹn wálẹ̀ yàtọ̀ sí kí ọjà wálẹ̀, eré tó fi ń gòkè ló kàn dín kù. Ìyá Aládùndún, kílò kan kan ni NBS fi ń kọ iye pòtétò, ẹ ti ń ṣe dáadáa. Kẹ́ ẹ sì máa fi oṣù Keje wé oṣù Keje èṣí, ẹ má fi wé oṣù Kẹrin, torí ìgbà ìkórè máa ń yí iye ẹ̀ padà.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Gààrí náà ńkọ́? Kóńgò kan náà, owó kan náà, wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọlé.

Ìyá Onípòtétò, Ṣábó, Ṣàgámù
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tẹnu èmi tí mò ń tà á. Jos, Bokkos, Mangu lẹrù ti ń wá, ọ̀nà jìn, owó dísẹ́ẹ̀lì sì wà lórí ẹ̀. Mo ra àpò kan nígbà òjò èṣí, mo fọ̀bẹ ya ẹnu ẹ̀, omi dúdú kan ṣàn sí mi lẹ́yìn ọwọ́, òórùn yẹn ò lọ títí alẹ́, gbogbo àárín ẹ̀ ti rà, èyí tí mo ṣà dà nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ta ló máa san án? Tí mo bá pe òkìtì ní ₦1,300 oníbàárà á kọjá sí ìsọ̀ kejì, tí mo bá yọ ẹyọ mẹ́rin kúrò á rà á ní ₦1,000, torí iye tó mú wá látilé nìyẹn. Mi ò bo ẹnikẹ́ni lójú, gbangba ni mo tò ó sí. Tó bá di oṣù Keje sí Kẹjọ tí wọ́n ń wa tòjò ní Plateau, màá dá a padà sórí òkìtì.

Ìyá Aládùndún, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣé gan-an Ìyá Ṣàgámù. Inú ti ń bí mi sí oníbàárà mi yẹn látọjọ́ náà, màá lọ kí i. Mo ti fa ìlà tuntun sínú ìwé: ọjọ́, owó, gíráàmù, ẹyọ tó bá jẹrà. Ọjọ́rú ni mo tún ń lọ s'Ókè-Ajé, òṣùwọ̀n á wà nínú báàgì mi, màá kọ iye tó bá gbé síbí.