Èsì: Ṣé "iṣẹ́ òkèèrè" tọ̀nà?

Ẹ̀yin ará,

Bàbá tó dá "iṣẹ́ òkèèrè" lábàá lọ́jọ́ Ajé pé ká máa fi pe "remote work" ní Yorùbá, ìyẹn kéèyàn máa jókòó sílé ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà níbòmíì, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, àmọ́ ó lè kó èèyàn sí gbèsè.

Àbúrò mi kan ń gbé ní Leeds, ilé iṣẹ́ kan ní Toronto ló gbà á. Orí tábìlì ìdáná ló ti ń ṣiṣẹ́, ìbọ̀sẹ̀ onípele méjì lẹ́sẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun náà ń pè é níṣẹ́ òkèèrè, ló bá gbà pé òkèèrè ni owó orí rẹ̀ wà. Irọ́ o! Ibi tó jókòó sí ṣiṣẹ́ làwọn agbowó orí ìlú ọba ń wò. Ọ̀gá Toronto ò sì yọ kọ́bọ̀ fún wọn nínú owó oṣù rẹ̀, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù owó orí ("tax return"). Ọdún owó orí ń parí ní 5 oṣù Kẹrin. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti wọlé kí 31 oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

"Iṣẹ́ àtiléṣe" lèmi mú wá. Ẹ máa ní télọ̀ náà ń ti ilé ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi "fún ọ̀gá òkèèrè" kún un nígbà náà. Ó gùn, àmọ́ ọ̀gá ni òkèèrè ń bá wí níbẹ̀.

"Ọmọ ìlú" tí ẹ̀gbọ́n kan fi pe ẹni tí owó orí kàn ò bá a mu. Àwọn agbowó orí ìlú ọba kì í wo páálí ìrìnnà. Ẹni tó bá ti lo ọjọ́ 183 níbẹ̀ láàárín ọdún owó orí ti di tiwọn, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí. Ọjọ́ tí aago méjìlá òru bá bá a nílùú ni wọ́n sábà ń kà. Ibi tó sùn! "Olùgbé" gbé èyí dáadáa; "àtìpó" ń fì.

Ọ̀rọ̀ náà "owó orí" ńkọ́? Òun làwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta torí rẹ̀ dìde ní 1947. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ.

Orúkọ fọ́ọ̀mù owó orí yẹn ló kù. Mo ní ká pè é ní "ìwé ìjẹ́wọ́ owó". Àbúrò mi ní òun ò jalè.