Ìrírí wa nípa bọ́ọ̀lù Texas A&M: àwọn àṣà tó yí padà àti àwọn tó kù

Bàbá Ìbejì, Houston:

Mo kí gbogbo ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé orí bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní College Station, ìlú tí Yunifásítì Texas A&M wà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé gboyè kejì ní ìparí àwọn ọdún 1990. Bọ́ọ̀lù tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó. Bí oòrùn ń ràn, bí òjò ń rọ̀, orí ìdúró ni wọ́n ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje títí dé òpin rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1922, nígbà tí ikọ̀ wọn ń bá Centre College figagbága ní Dallas, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fara pa lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Dana X. Bible, ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ E. King Gill, tó wà lókè lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn, pé kó wá wọ aṣọ ìdíje, kó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. A&M borí pẹ̀lú 22 sí 14, Gill kò sì wọ pápá rárá. Mímúra tó múra sílẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, òun náà ló sì mú kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa pe ara wọn ní Ẹnìkejìlá, ìyẹn ẹni kejìlá sí àwọn mọ́kànlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá.

Ní ọdún 1983, akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn, Jackie Sherrill, mú ọ̀rọ̀ yìí kọjá orí ìdúró: ó ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lásán, tí kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bọ́ọ̀lù fún, ó sì ní kí wọ́n máa sáré wọ pápá nígbà tí wọ́n bá ta bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀. R.C. Slocum tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ dín wọn kù sí ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó máa ń wọ aṣọ nọ́ńbà 12. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ léèrè, yóò fi tìgboyàtìgboyà sọ fún yín pé bó ṣe wà láti ìṣẹ̀ǹbáyé nìyí.

Èmi kò gba ti ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti wà láti ọdún 1876 ni, iṣẹ́ ológun sì jẹ́ dandan fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí di ọdún 1965. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwọn aláwọ̀ dúdú wọlé, ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba obìnrin, àwọn díẹ̀ ṣáá ni nígbà náà. Ọdún 1970 ni Hugh McElroy di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún ikọ̀ wọn, òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù tó mú wọn ṣẹ́gun LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, mú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dúró lónìí kì bá tí rí àyè dúró níbẹ̀ nígbà tí Gill jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni iná ńlá tí wọ́n ń pè ní Bonfire. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó pàdé Yunifásítì Texas ti ìlú Austin, tí ìjà bọ́ọ̀lù àwọn méjèèjì ti wà láti ọdún 1894, wọn a to igi jọ, wọn a sì sun ún. Pàǹtí àti àjókù pákó ni wọ́n ń kó jọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1969, òkìtì náà ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 109. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń lọ gé igi nínú igbó, tí wọ́n ń fi èjìká gbé e, tí wọ́n ń fi wáyà so ó mọ́ra, wọn a sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe é tọ̀sán-tòru. Ní ọdún 1963 wọ́n ti tò ó tán kí wọ́n tó pa Ààrẹ Kennedy, wọ́n sì tú u láìfi iná sí i. Mo wo ti ọdún 1998 láti ọ̀nà jíjìn, ooru rẹ̀ sì ń bá mi níbi tí mo dúró sí.

Ní òru ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1999, kí aago mẹ́ta tó lù, òkìtì tó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìtì igi wó lu àwọn tó ń tò ó. Àwọn 12 kú, 27 fara pa. Ìró ọkọ̀ aláìsàn ló jí mi, kò sì dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn kò lè fi ẹ̀rọ wúwo gbé igi náà bó ṣe wù wọ́n, nítorí àwọn ènìyàn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn tó wá fi ọwọ́ gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, ikọ̀ kan náà jáde sí Kyle Field, pápá ìdíje A&M, wọ́n sì fi 20 sí 16 borí Texas. N kò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí, ẹkún sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí iná ńlá mọ́ nínú ọgbà yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dá tiwọn ní ìta, láìsí ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìdíje pẹ̀lú Texas, tó ti dáwọ́ dúró láti ọdún 2011, fẹ́ padà bẹ̀rẹ̀, àwọn kan dábàá pé kí wọ́n dá iná náà padà sínú ọgbà, ṣùgbọ́n ààrẹ yunifásítì nígbà náà, Mark Welsh, kọ̀ ọ́. Ó ṣe ohun tó tọ́ lójú mi, bí inú àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ bàjẹ́ sí i.

Ìyá Àlàbá, Katy:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àlàyé. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí lójú tèmi owó ló yí bọ́ọ̀lù wọn padà ju ikú lọ. Nígbà tí ọmọ mi wọ ibẹ̀, ìdíje pẹ̀lú Texas ti dópin. Texas ti bá ESPN, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, ṣàdéhùn ìkànnì tiwọn ní ọdún 2011, fún 300 mílíọ̀nù dọ́là láàárín ogún ọdún; èyí wà lára ohun tó bí A&M nínú tí wọ́n fi kúrò ní líìgì tí òun àti Texas jọ wà, tí wọ́n kó lọ sí líìgì mìíràn, SEC, ní ọdún 2012. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní gbogbo ọdún tí wọn kò fi pàdé, orin tí wọ́n fi ń bú Texas ni wọ́n ṣì ń kọ, apá wọn kọ́ ara wọn lọ́rùn, tí wọ́n ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún, àfi bí ìgbà tí egúngún ń ja ojúbọ tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

Wọ́n tún pápá kọ́ pẹ̀lú bíi 485 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì gba èrò 102,733 báyìí. Ní ọdún 2023 wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jimbo Fisher, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní owó ìkúrò tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Àwọn kan nínú ilé yìí ń ráhùn pé láti ọdún 2021 tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, àṣà ti bàjẹ́. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń fi eegun ara rẹ̀ ṣeré yẹ kó jẹ níbẹ̀. Tunmise Adeleye, ọmọ Yorùbá láti agbègbè wa níhìn-ín, ṣeré fún A&M ní ọdún 2021, lẹ́yìn náà ó kọjá sí yunifásítì mìíràn, Michigan State. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń bínú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fi ibì kan sílẹ̀ lọ síbi tó sàn jù?

Ọmọ Austin:

Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, mo dọ̀bálẹ̀. Yunifásítì Texas ni mo lọ, ọ̀tá ni mo jẹ́ níbí. Mo lọ sí Kyle Field ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i láti ọdún 2011 tí Justin Tucker, agbábọ́ọ̀lù tiwa, ti gbá bọ́ọ̀lù tó mú kí a borí pẹ̀lú 27 sí 25. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pariwo lé wa lórí jẹ́ ọmọ kékeré ní ọdún 2011. Wọn kò rí ìdíje kankan láàárín àwa méjèèjì tí wọ́n lè rántí, ẹnu àwọn òbí wọn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń kórìíra wa, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. A fi 17 sí 7 borí, mo sì rọra jáde. Ìyá mi fẹ́ bá mi lọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò gba ìdúró púpọ̀.

Bàbá Ìbejì, Houston:

Àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìhà ìlà-oòrùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró sí. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìhà ìwọ̀-oòrùn fún wọn, wọn a lè jókòó, òjìji sì máa ń tètè bọ́ sí ibẹ̀ lọ́sàn-án.