Bíríkì Lego tòkúnbọ̀ tí àwọ̀ eérú ẹ̀ ò bára mu: ṣé mo lè fi mọ odi kan ṣoṣo?

Atòdi_Iléṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i. Iléṣà ni mo wà, ọmọ ọdún 41 ni mí, iṣẹ́ fíríìjì ni mò ń ṣe, Lego ni mo fi ń sinmi tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mò ń kó jọ o, ti ilé olódi nìkan ni, ti àwọn ọba Yúróòpù ayé àtijọ́ pẹ̀lú jagunjagun orí ẹṣin wọn, ilé ìṣọ́ gogoro, afárá tí wọ́n ń fi ṣéènì fà sókè bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Ní 2021 ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi sẹ́ẹ̀tì 31120 ránṣẹ́ sí mi, bíríkì 1,426, ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn lè gbà tò ó, ó lè di ilé olódi, ó lè di ilé ìṣọ́, ó lè di ọjà, mo ti tò ó tú u tó ìgbà mẹ́sàn-án, mi ò sì tíì rí nǹkan míì tó ń mú ọkàn mi fúyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó kọjá mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ nítòsí Ọjà Àtàkúmọ̀sà, kẹ̀kẹ́ ni mò ń wá fún ọmọ mi, mo bá rí àpò Ghana-must-go kan lábẹ́ tábìlì, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀, orí ẹṣin dúdú kan yọ síta níbẹ̀. Àyà mi já. Mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi rárá, mo bi í ní iye tó ń tà á, a nájà, mo sanwó, mo gbé e. Kẹ̀kẹ́ di ọjọ́ míì. Nígbà tí mo délé tí mo dà á sórí ẹní, bíríkì aláwọ̀ eérú ló pọ̀ jù, ẹṣin méjì, ọmọlangidi mọ́kànlá tí mẹ́ta ò lórí, asà kékeré kan tí wọ́n ya ẹyẹ sí, afárá kan tí ṣéènì ẹ̀ ti sọnù. Kò sí páálí, kò sí ìwé tó ń fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn.

Wàhálà ibẹ̀ wá nìyí. Èmi àti ọmọ mi jókòó tì í títí wọ́n fi mú iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì, a ń ṣà á lọ, la bá rí i pé àwọ̀ eérú yẹn méjì ni. Ọ̀kan dà bí eérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nídìí ààrò, ó fà sí yẹ́lò díẹ̀, ìkejì dà bíi sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ, ó fà sí búlúù. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fọ̀ ọ́, bó ṣe wà náà ló wà. Mo tún rò pé wọ́n ti da ayédèrú mọ́ ọn ni, mo yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo kókó orí àwọn méjèèjì ni wọ́n tẹ LEGO sí. Kí ló fà á? Ṣé mo lè fi wọ́n mọ odi kan ṣoṣo kó má dà bí ẹ̀wù tí wọ́n lẹ̀? Torí odi ńlá ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì lágbára àtira 10305, sẹ́ẹ̀tì ilé olódi ńlá ti Lego, báyìí, $399.99 ni wọ́n fi gbé e jáde ní 2022, ẹ ò tíì ka owó àtifi ránṣẹ́ àti ti aṣọ́bodè mọ́ ọn.

Àgbà_Akójọ

Àbúrò, o kú oríire! Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ayédèrú. Ní 2004 ni ilé iṣẹ́ Lego pa àwọ̀ eérú wọn dà, ti tẹ́lẹ̀ ló fà sí yẹ́lò, èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ló fà sí búlúù, wọ́n pa búráùn náà dà. Ariwo tí àwọn àgbàlagbà tó ń kó o jọ pa nígbà yẹn kì í ṣe kékeré, torí ẹni tó bá ti ń mọ odi tiẹ̀ bọ̀ láti bí ogún ọdún, bó bá ra bíríkì tuntun kò ní bá ti tẹ́lẹ̀ lọ mọ́. Fún ìdí èyí, àpò tó o rà yẹn, ó lè jẹ́ pé bàbá ló kọ́kọ́ fi ṣeré kó tó kan ọmọ. Àwọ̀ nìkan ló yí o, ìwọ̀n ò yí. Láti àárín kókó kan sí àárín èkejì mílímítà 8 ni, gíga bíríkì 9.6, èyí tí wọ́n ṣe ní 1958 ṣì ń wọnú èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Asà tó o sọ yẹn, wò ó dáadáa. Bí ẹyẹ yẹn bá jẹ́ àṣá tí wọ́n fi dúdú àti funfun pín ara ẹ̀ sí méjì, àwọn Black Falcons, ẹgbẹ́ jagunjagun kan nínú Lego olódi, ló ni ín, 1984 ni wọ́n dé, odi tiwọn gangan, 6074, jáde ní 1986. Tún wo ojú àwọn ọmọlangidi yẹn. Ṣé ẹyinjú méjì tó rí tótó àti ẹ̀rín kan péré ni? Láti 1978 tí ọmọlangidi yìí ti dé títí di 1989 tí wọ́n ṣe àwọn ajalèlókun, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ọba o, ẹrú o, ọlọ́pàá o.

Jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mi ò lè sọ̀rọ̀ odi kí n má dárúkọ ẹ̀. Odi àkọ́kọ́ tó ní ọmọlangidi yìí nínú ni 375, ọdún 1978, bíríkì 767, ọmọlangidi 14, yẹ́lò sì ni gbogbo ara ẹ̀! Nígbà yẹn ilé iṣẹ́ náà ò fẹ́ kí bíríkì aláwọ̀ eérú pọ̀ nílẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà máa fi to ọkọ̀ ogun. Ó di 1984 kí odi ọba, 6080, tó jáde ní àwọ̀ eérú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo fọ́tò odi yẹ́lò yẹn, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Kò_gbọdọ̀_sọnù

Èmi ò bá yín lọ lórí pé kí ẹ dà wọ́n pọ̀ rárá. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó mọ ohunkóhun, ọ̀sán gangan ni kí ẹ sì ṣà á, lẹ́nu ọ̀nà, bọ́ọ̀bù yẹ́lò máa ń tan ojú jẹ. Bó bá jẹ́ pé 6074 ló wà nínú àpò yẹn lóòótọ́, ìwé bí wọ́n ṣe ń tò ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wà á jáde, kí ẹ ka ohun tó kù, kí ẹ máa rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí BrickLink, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta eyọ bíríkì, Lego fúnra wọn ló ra ibẹ̀ ní 2019. Nǹkan tó ti tó bí ogójì ọdún tó sì ṣì wà, kò yẹ kéèyàn tún fọ́n ọn ká. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn búráùn tó fà sí pupa náà, èyí tó dé ní 2004, ó máa ń yára kán, ẹ má fi tipátipá yọ ọ́.

Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ àpò bóyá ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Lego ṣe ewúrẹ́ ní 2011 sínú sẹ́ẹ̀tì 7189, wọn ò ṣe é mọ́, owó ewúrẹ́ kan ṣoṣo yẹn wá ga ju ti sẹ́ẹ̀tì kékeré lọ, àfìgbà tí wọ́n ṣe òmíràn sínú sẹ́ẹ̀tì 10332 ní 2024.

Ìyá_Ìbejì_Lágere

Ẹ ń lẹ́ o, bàbá fíríìjì. Ẹ tún àwọn bíríkì yẹn fọ̀, ẹ má kàn fi omi ṣàn án, ẹrù tòkúnbọ̀ ni, a ò mọ ibi tó ti gbà kọjá. Omi náà ò gbọdọ̀ gbóná o, kó má kọjá ìwọ̀n 40 (°C), irú omi tí ẹ lè fi wẹ ọmọ tuntun, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀. Mo máa ń kó tiwa sínú àpò nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń di àlùbọ́sà, màá so ẹnu ẹ̀, màá máa gbọ̀n ọ́n nínú bàsíà, kékeré inú ẹ̀ kankan ò ní bá omi lọ. Èyí tí wọ́n ya nǹkan sí lára bí asà yẹn, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi kànìnkànìn kàn án. Ẹ má sì sá wọn sóòrùn! Mo sá funfun sóòrùn lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, kó tó di pé mo rántí ó ti di àwọ̀ eyín àgbà. Abẹ́ fáànù ni, tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń gbà kọjá bí kò bá síná.

Nígbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì pawúdà ni kí ẹ rà, tuntun, èyí tó rọ̀, ẹ fi máa gbọn eruku ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Àwọn kan á sì sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹ fi páálí 10305 hàn wọ́n, 18+ ni wọ́n kọ sára ẹ̀, gàdàgbà.

Ọmọ_Ẹnuwá

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ta ló ti rí odi tí àwọ̀ ẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀ rí? Ilé bàbá bàbá mi ní Ifẹ̀ níbí, ilé amọ̀ ni, òjò wó apá kan, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tún un mọ, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n rẹ́ iwájú ẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, ẹni tó bá dúró síta á ka ìtàn ilé yẹn lára ògiri ẹ̀. Odi olókùúta àwọn òyìnbó yẹn náà ò yàtọ̀, ogun á wó o, ọba tó jẹ lẹ́yìn á lọ gbẹ́ òkúta níbòmíràn wá tún un mọ. Àwọ̀ méjì tó bọ́ sọ́wọ́ yín yẹn, ẹ̀bùn ni. Ẹ má kàn fọ́n ọn káàkiri, ìyẹn ló máa jẹ́ kó dà bí ẹ̀wù tí wọ́n lẹ̀. Ẹ fi ti àtijọ́ mọ ìsàlẹ̀ àti ìdí ilé ìṣọ́, ẹ wá mú ibì kan, bóyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè, kí ẹ ṣe é bíi pé odi wó níbẹ̀ rí, kí àwọ̀ tuntun gba ojú ibẹ̀ látòkè wá sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kó má ṣe gún régé. Ẹ̀yin tí ẹ ní kó má dà pọ̀, mo gbọ́ yín, tí 6074 bá pé nínú ẹ̀ kó tò ó bí 6074, ṣùgbọ́n ìyókù ńkọ́?

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ sọ. Ìgbà táwọn òyìnbó ń mọ odi wọ̀nyẹn, Ifẹ̀ ń mọ odi tiẹ̀, ó ń gbẹ́ yàrà yí i ká, wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì ní Igbó Olókun, wọ́n ń rọ àwọn orí idẹ tí wọ́n wá hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ ti wo ilẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ rí? Ìta Yemòó wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Wọn ò tẹ́ àfọ́kù yẹn ní ìdùbúlẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e dúró lé, wọ́n tò ó tẹ̀ léra, ìlà kan kọjú síbí, ìlà kejì kọjú sọ́hùn-ún, bí egungun ẹja. Ìgbàkígbà tí mo bá rí i, Lego ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, eyọ kéékèèké tí ọwọ́ èèyàn tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣe irú ilẹ̀ yẹn sínú odi yín.

Àgbà_Akójọ

Ọmọ Ẹnuwá, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí lára. Ó sì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa rí. Bíríkì pẹlẹbẹ, èyí tó jẹ́ pé mẹ́ta ẹ̀ ló ga tó bíríkì kan, mílímítà 3.2 ni gíga ẹ̀. Márùn-ún ẹ̀ jẹ́ 16. Kókó méjì náà, 8 lọ́nà méjì, 16 ni. Àbúrò, mú pẹlẹbẹ oníkókó méjì mẹ́rin, tò ó léra, fi èyí tí kò ní kókó, olórí dídán, dé e lórí kó pé márùn-ún, wá dà á dùbúlẹ̀. Ó máa gba ojú kókó méjì ní méjì rẹ́gí, etí àwọn pẹlẹbẹ yẹn ló sì máa kọjú sókè bí etí àfọ́kù. Gbé ọ̀kan síbí, yí ìkejì ẹ̀ ní ìdábùú, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní rí bí egungun ẹja pátápátá, á rí bí ẹní híhun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Ifẹ̀ á mọ ohun tó ń wò. Fi bíríkì mọ etí yí i ká, òun ló máa dì í mú, kò nílò gúlúù. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi gúlúù kan Lego láéláé.

Atòdi_Iléṣà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin màmá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní fi yín sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ. Lẹ́nu ọ̀nà la ti ṣà á, ní ọ̀sán, eérú àtijọ́ jẹ́ 388, ti tuntun 274. Àṣá ni ẹyẹ yẹn o, dúdú lápá kan, funfun lápá kejì! Ojú gbogbo àwọn ọmọlangidi tó lórí sì jẹ́ ẹyinjú méjì àti ẹ̀rín, àfi ẹyọ kan tó nírùngbọ̀n. Mo wa ìwé 6074 jáde, ohun tó kù pọ̀ jù, ògiri ẹ̀ ò tó ìdajì, ni mo bá kó àwọn tó jẹ́ tiẹ̀ dájú sínú ike lọ́tọ̀, mo kọ nọ́ńbà sí i lórí, màá máa wá ìyókù ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ ò sí níbẹ̀, mo tú ìsàlẹ̀ àpò wò ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìyókù ni mo fi mọ odi. Ti àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ti tuntun lápá òsì ẹnubodè, mo jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, ìyàwó mi dé láti ọjà, ó ní kí ló wó ibẹ̀ yẹn. Inú mi dùn ju kó ní ó dára lọ. Ilẹ̀ àfọ́kù náà ti bẹ̀rẹ̀, pẹlẹbẹ búráùn 32 péré ni mo ní, ìyẹn ṣe mẹ́jọ, ó gba láti ẹnubodè dé ibi tí ẹṣin dúdú yẹn dúró sí, ibẹ̀ ló dá. Ọjọ́bọ̀ mo ní fíríìjì kan tí mo fẹ́ tún ṣe ní Ifẹ̀, tí mo bá ti parí màá yà ní mùsíọ́mù Ẹnuwá kí n lọ wò ó fúnra mi. Ta ló ní pẹlẹbẹ búráùn tí kò lò?

Ìyá_Ìbejì_Lágere

Mo ní ife kan tó kún. Tí ẹ bá ti kúrò ní Ẹnuwá ẹ wá sí Lágere, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí inbọ́ọ̀sì mi tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mú fọ́tò odi yẹn dání, àwọn ìbejì fẹ́ rí ibi tó wó.