DVD Doctor Who tí mo rà ní Láfẹ́nwá, apá kẹta jẹ́ fọ́tò lásán, ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

ỌmọÌjẹmọ̀

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí mi ò sùn dáadáa lánàá. Lọ́jọ́ Sátidé màmá mi rán mi lọ sí Láfẹ́nwá pé kí n bá àwọn wo ẹ̀rọ ìlọta tòkúnbọ̀ tó mọ níwọ̀n, ibẹ̀ ni mo ti rí páálí kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáànù àtijọ́, síídì ló kún inú ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo ń tú u, àfi bí mo ṣe rí àpótí búlúù yẹn lára ọ̀kan. Doctor Who, fíìmù tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn! Ti àtijọ́ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tọ́rọ̀ náà fi ká mi lára, bàbá mi ló máa ń sọ ti fíìmù yìí fún wa ní kékeré. Wọ́n ní ilé ọ̀gá kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wọn nígbà yẹn, gbogbo ọmọdé á lọ rọ̀ mọ́ fèrèsé, wọ́n á máa wo bàbá kan tó ń fi àpótí rìn láti ayé àtijọ́ bọ́ sí ayé tó ń bọ̀, àwọn irin kan á máa lé e kiri, tó bá wá di àkókò àtilọ sílé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwájú nínú òkùnkùn. Bàbá ti pé ẹni ọdún 68 báyìí, wọn ò sì tíì rí i mọ́ látìgbà yẹn.

Sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nínú páálí yẹn, The Beginning, Lost in Time àti The Key to Time, pẹ̀lú ọ̀kan tó dá wà tí wọ́n ń pè ní The Web of Fear. A ná an títí, 15,000 la parí ẹ̀ sí. Mo délé, pílẹ́yà pálọ̀ ò gba ìkankan, ó ń kọ wrong region ṣáá, pé agbègbè ayé míì ni wọ́n ṣe síídì yẹn fún. Mo ki Web of Fear bọ laptop ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ṣé kí òun yí region padà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀. Apá kìíní dáa, ìkejì dáa, àfi bó ṣe di apá kẹta tí wọn ò mira mọ́! Fọ́tò ló ń tẹ̀lé fọ́tò, ohùn wọn ń lọ lábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi parí, tó wá di apá kẹrin wọ́n tún ń rìn padà. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní ọjà okrika ò ní ìdápadà. Ṣé ayédèrú ni? Ohun funfun kan tún wà lára méjì nínú Key to Time, ó dà bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu. Kí ni kí n ṣe?

ÀgbàFíìmù_Ìbarà

Àbúrò, fọkàn balẹ̀, ojúlówó ni. Má dá a padà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó tàn ẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ṣé o mọ̀ pé Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí ohun tó wà nínú síídì ọwọ́ ẹ yẹn?

Jókòó kí n sọ ọ́ fún ẹ. Láti 1963 tí fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀, téèpù ńlá ni BBC ń gbà á sí, téèpù yẹn wọ́n gan-an, kò sì sẹ́ni tó rò ó nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ téèyàn á máa ra fíìmù tẹlifíṣọ̀n lọ sílé, ni wọ́n bá ń pa ohun tó wà nínú téèpù rẹ́ kí wọ́n lè fi gba nǹkan míì, wọ́n ń kó òmíràn dànù, títí ó fi di 1978 kí wọ́n tó ṣíwọ́. Àmọ́ wọ́n ti da púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí fíìmù 16mm láti tà fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà wà lára àwọn tó rà, ohun tí bàbá yín rí lẹ́nu fèrèsé nìyẹn. Nígbà tí ilé dòfo, ẹ̀dà tó wà lájò ló kù tí wọ́n ń wá kiri. Ní 1991 wọ́n rí odindi ìtàn kan, The Tomb of the Cybermen, ní Hong Kong.

Web of Fear tiẹ̀ yìí, apá mẹ́fà ni, ọdún 1968 ni wọ́n fi hàn, Patrick Troughton ló ṣe Dókítà, bàbá tó ń fi àpótí rìn yẹn, àwọn ẹranko onírun ńlá tí wọ́n ń pè ní Yeti ló gba ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ London. Apá kìíní nìkan ló kù lọ́wọ́ BBC. Èyí tó ṣáájú ẹ̀, The Enemy of the World, apá mẹ́fà lòun náà, apá kẹta nìkan ló kù. Àfi bó ṣe di 2013 tí wọ́n kéde pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris ti bá àwọn fíìmù yẹn ní ibùdó tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Jos wa yìí o! Apá mẹ́sàn-án ló bá wálé, márùn-ún fún Enemy of the World, mẹ́rin fún Web of Fear, iye tó sọnù wá bọ́ láti 106 sí 97. Nígbà tí mo gbọ́ ọ ní October 2013, mo dìde lórí àga ni. Orí pẹpẹ kan lókè Jos ni nǹkan yẹn wà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí gbogbo ayé ń wá a. Mo máa ń rò ó pé bó bá jẹ́ ibi tó gbóná tó sì lọ́rinrin bíi tiwa níbí ni wọ́n kó o sí, bóyá ẹbu ni ì bá kù.

Apá kẹta Web of Fear ni kò bá wọn wálé, ohun tó mú kó jẹ́ fọ́tò nìyẹn. Ohùn yẹn, àwọn èèyàn tó fẹ́ràn fíìmù náà ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wọn nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, kò sí apá kan tó sọnù tí ohùn ẹ̀ ò kù. Fọ́tò ńkọ́? Ẹnì kan tó ń jẹ́ John Cura ló fi kámẹ́rà ya ojú tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, ó ń ta fọ́tò yẹn fún àwọn òṣèré àtàwọn tó ṣe fíìmù. Wọ́n wá to fọ́tò mọ́ ohùn nígbà tí DVD jáde ní February 2014. Torí náà ẹni tó ta páálí yẹn fún ẹ ò rẹ́ ẹ jẹ.

Kó o sì wá wo Lost in Time. 2004 ló jáde, àwọn apá tó ṣẹ́ kù nínú àwọn ìtàn tó sọnù ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, apá kìíní Web of Fear wà níbẹ̀, apá kẹta Enemy of the World náà wà níbẹ̀, torí gbogbo ohun tí wọ́n ní nìyẹn nígbà yẹn. Àwọn tó ṣe sẹ́ẹ̀tì yẹn ò mọ̀ pé púpọ̀ nínú èyí tó kù wà ní Jos. Méjèèjì ló wà lọ́wọ́ ẹ yìí. Inú mi dùn fún ẹ púpọ̀.

Atúnṣe_Pansẹ́kẹ́

Ẹ̀gbọ́n ÀgbàFíìmù ẹ ṣeun, mi ò mọ ti Jos yẹn rárá.

Tèmi ni ti pílẹ́yà. ỌmọÌjẹmọ̀, jọ̀ọ́ MÁ yí region laptop yẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n gbà ẹ́ láyè, tó bá ti pé, ibi tó dúró sí ló máa wà títí, o ti lo ọ̀kan nínú ẹ̀. Fi sí 2, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wo ẹ̀yìn páálí, wàá rí nọ́ńbà 2 nínú àwòrán ayé kékeré kan, ìyẹn Yúróòpù, tiwa níbí 5 ni (South Africa àti Íjíbítì wà lára àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀, 2 làwọn). Ìdí tí pílẹ́yà pálọ̀ fi ń bá ẹ jà nìyẹn, síídì ò ṣe nǹkan kan. Gbé pílẹ́yà yẹn wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn pílẹ́yà tá à ń tà níbí ló jẹ́ pé rìmóòtù la fi ń ṣí wọn, á máa gba gbogbo region, kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọ̀ ò ní dà ẹ́ láàmú torí PAL (ọ̀nà tí àwòrán àti àwọ̀ fi ń dé ojú tẹlifíṣọ̀n) ni wọ́n ń lò ní London, PAL náà la ń lò níbí, bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni, NTSC ni, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ míì máa gbé e jáde ní dúdú àti funfun.

Ohun kan rèé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tó o bá máa ra Blu-ray (irú síídì tó tẹ̀lé DVD) lọ́jọ́ iwájú, ti London àti tiwa ò yàtọ̀, region B ni gbogbo wa wà pẹ̀lú Yúróòpù. Kò sí wàhálà.

Àyẹ̀wò ayédèrú: dojú síídì dé, wo àyíká ihò àárín, ti ilé iṣẹ́ máa ń ní lẹ́tà tíntìntín IFPI àti nọ́ńbà, abẹ́ ẹ̀ á funfun bíi fàdákà. Tó bá ní àwọ̀ elése àlùkò, ẹnì kan ló sun ún sílé.

Dẹ̀jọ́bà_FUNAAB

Ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò rò pé wàhálà yìí ti pọ̀ jù, 15,000 lórí síídì, ẹbu ń bẹ lára ẹ̀, laptop tuntun ò tiẹ̀ níhò síídì mọ́. Gbogbo ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Web of Fear tún jáde ní 2021, wọ́n ti fi katúùnù ṣe apá kẹta yẹn, ó ń rìn dáadáa. Ta èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ kó o lọ wo ìyẹn.

ÀgbàFíìmù_Ìbarà

Dẹ̀jọ́bà, mo gbọ́ ẹ, àmọ́ mi ò gbà. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹni tó ni ín lè yọ ọ́ lọ́la, dátà tó o fi wò ó ti lọ nìyẹn. Síídì tó wà nínú pálọ̀ mi, kò sẹ́ni tó máa wọlé wá yọ ọ́. Láwọn DVD àtijọ́ yẹn wọ́n tún fi ohùn àwọn òṣèré fúnra wọn síbẹ̀ tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, púpọ̀ nínú wọn ti kú báyìí.

Ti katúùnù, mo ní ẹ̀, mo ti wò ó, ó dáa fún ọmọdé tí ò lè jókòó ti fọ́tò. Àmọ́ fọ́tò Cura yẹn ni ojú tó rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an, aṣọ ara wọn gan-an, iná ibẹ̀ gan-an. Tí mo bá ní kí n mú ọ̀kan, fọ́tò ni mo máa mú.

Aládìrẹ_Ìtokú

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ọmọ mi ỌmọÌjẹmọ̀, ti ohun funfun yẹn ni mo bá wá, torí ojú mi rí i nínú òjò ọdún méjì sẹ́yìn, mọ́kànlá ló bu nínú àwọn síídì mi kí n tó mọ̀ pé ara ògiri ń fa omi.

Má fi aṣọ gbígbẹ nù ún o, yóò ha á. Fi omi tó mọ́ ṣàn án, kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí i, ti olómi ni kó o lò, má lo ọṣẹ oníyẹ̀ẹ̀fun rárá. Fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti ihò àárín wá sí etí, tààrà. Má yí i po bí ẹni ń nu abọ́, torí tó bá ha yípo, ojú ọ̀nà tí pílẹ́yà ń kà ló máa bàjẹ́ lọ gbọọrọ, èyí tó bá dábùú, ẹ̀rọ máa ń fò ó. Ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ níbòòji, oòrùn ò gbọ́dọ̀ kàn án. Tí funfun yẹn bá lọ, ẹbu lásán ni, ó ti bọ́. Tí ò bá lọ, gbé e sókè kí iná yọ lẹ́yìn ẹ̀, tó o bá rí ihò tíntìntín, inú ló ti ń jẹ wá, tètè da ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kó tó pẹ́ jù.

Nípa ibi tó o máa tò ó sí, jẹ́ kó dúró lórí ìdí bí ìwé, má tò ó léra wọn. Má gbé e mọ́ ògiri, má gbé e sí yàrá tí páànù ẹ̀ ò ní sílìn, ooru ọ̀sán níbí ò dáa fún un. Àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tí wọ́n kọ pé ká má jẹ ẹ́, ju méjì-mẹ́ta sínú àpótí ẹ̀. Tó o bá sì rí fóòmù nínú sẹ́ẹ̀tì kankan, yọ ọ́, fóòmù máa ń yọ́ mọ́ síídì lára.

ỌmọÌjẹmọ̀

Ẹ ṣé gan-an, màmá Aládìrẹ, ẹ̀gbọ́n ÀgbàFíìmù, gbogbo yín. Mo ti fọ méjèèjì lówùúrọ̀ yìí, ọ̀kan mọ́ pátápátá, èkejì ṣì ní àmì kékeré àmọ́ kò sí ihò. Mo wo IFPI, ó wà lára gbogbo wọn. Atúnṣe, mò ń gbé pílẹ́yà yẹn bọ̀ lọ́la.

Mo fi laptop hàn bàbá lálẹ́ àná kí Nẹ́pà tó mú iná. The Beginning la kọ́kọ́ fi sí i torí àwọn irin wọn yẹn, Dalek, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde. Bí èkíní ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn bàbá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní "Òun nìyẹn, òun nìyẹn." Mo wá sọ ti Jos fún wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá béèrè pé ṣé àwọn tó ń wá a ti dé Ìbàdàn, torí àwọn ti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ yìí ní 1959. Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún wọn.

Dẹ̀jọ́bà, mi ò tà á. Enemy of the World ni mo ń wá báyìí, kí ti Jos pé lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní méjì lára yín, mo lè fi owó sílẹ̀, mo wà ní Kútọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀.

ÀgbàFíìmù_Ìbarà

Mo ní méjì, ti 2013 àti ti 2018. Wá gba ti 2013 ní Jímọ̀, mú bàbá dání.